Ọ̀RÁ INÚ GARAWA: Bí Oúnjẹ Arọ́pò Wàrà Ti Ń Gbé Ọmọ Màlúù Ró, àti Bí Ó Ti Lè Pa Á Lára



Ọ̀rọ̀ tí a ó sọ ní alẹ́ yìí lè dà bí ohun kékeré létí ẹlòmíràn. Ọ̀rá tí ó wà nínú oúnjẹ ọmọ màlúù ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹnìkan lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, Kí ni ti ìjọ Ọlọ́run nínú èyí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Òfin Mose kò ka ọ̀ràn ẹran ọ̀sìn sí yẹpẹrẹ: ó ro ti màlúù tí ń pa ọkà, ó sì ro ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹrù wúwo bì ṣubú. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wa ni a ń mu wàrà inú agolo, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Wàrà náà ní ẹni tí a dá a fún ṣáájú wa, èyíinì ni ọmọ tí màlúù bí. Nítorí náà ìbéèrè kan wà tí ó tọ́ sí wa láti bi: nígbà tí ènìyàn bá gba wàrà lọ́wọ́ ọmọ màlúù, kí ni ó fi dípò rẹ̀ fún un? Ǹjẹ́ ohun tí ó fi dípò náà sì tó?

Ìdáhùn tí èmi yóò gbìyànjú láti fi hàn ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀rá ń jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Irú ọ̀rá tí a lò, ìwọ̀n rẹ̀, àti bí a ti pò ó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń pinnu bóyá ọmọ màlúù yóò gbó tàbí yóò rù.

I. BÍ ỌMỌ MÀLÚÙ TI Ń GBA WÀRÀ

Àgbà màlúù ní àpòlúkù mẹ́rin. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni ibi tí koríko tí ó jẹ ti ń rọ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń gbé e padà wá sí ẹnu láti jẹ àpọ̀jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ màlúù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò tíì lè jẹ àpọ̀jẹ. Àpòlúkù ńlá rẹ̀ ṣì kéré, kò sì tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ ní pípé. Ẹlẹ́dàá sì ti la ojú ọ̀nà kan fún un, tí ó jẹ́ pé nígbà tí ọmọ bá ń mu wàrà, ojú ọ̀nà náà a pa ara rẹ̀ dé bí ọ̀pá oníhò, wàrà a sì gba ibẹ̀ lọ tààrà sí àpòlúkù kẹrin láì yà sí ibòmíràn.

Níbẹ̀ ni wàrà ti ń dì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí i bí àwọn obìnrin Fúlàní ti ń fi omi bọmubọmu sí wàrà lórí iná títí yóò fi dì, mọ ohun tí mo ń wí. Ohun kan wà nínú àpòlúkù ọmọ màlúù tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òun náà ni àwọn òyìnbó ti ń lò láti ayébáyé láti fi ṣe wàràkàṣì. Nígbà tí wàrà bá dì, ọ̀rá a há sínú rẹ̀, a sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìfun fún wákàtí púpọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ọ̀rá kì í ya lu ìfun lójijì, bẹ́ẹ̀ ni ebi kì í tètè pa ọmọ náà.

Àní láti ẹnu ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ń sun pẹ̀lú itọ́ láti ìdí ahọ́n ọmọ màlúù, tí ń gé ọ̀rá wàrà sí wẹ́wẹ́ kí ó tó dé inú. Ọmọ tí ó bá sì ń fa ọmú, tàbí tí ó ń fa orí-ọmú rọ́bà, ń sun itọ́ yìí ju èyí tí ó tẹ ẹnu bọ garawa lọ.

Bí a bá gbẹ omi inú wàrà màlúù tán, nínú ìwọ̀n 100 ohun tí ó kù, nǹkan bí 30 ni ọ̀rá, nǹkan bí 26 ni ohun tí ń mú ara dàgbà, nǹkan bí 37 ni ṣúgà inú wàrà, ìyókù sì ni àwọn iyọ̀ tí ń mú egungun le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye ọ̀rá náà, 30, sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ohun kan ni mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì mí gbọ́. Wàrà tí màlúù kọ́kọ́ sun lẹ́yìn ìbímọ kò ní arọ́pò nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí. Inú rẹ̀ ni ààbò tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ àrùn wà, ìfun ọmọ a sì máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ààbò náà kí ó tó pé ọjọ́ kan tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni a gbọ́dọ̀ fún un mu. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn arọ́pò tó bẹ̀rẹ̀.

II. BÍ Ọ̀RÁ TI KÚRÒ NÍNÚ GARAWA

Ní gáà àwọn Fúlàní tí ó wà ní àárín wa, a máa ń jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fa ọmú kí wàrà lè sọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ tí a ó sì fún wàrà, a ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àwọn tí ń fi wàrà ṣe òwò ńlá, bíi Denmark, Netherlands, Ireland, àti Wisconsin ní Amẹ́ríkà, a sábà máa ń ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kété tí a bá ti bí i, a ó sì máa fi garawa tàbí ìgò bọ́ ọ.

Ní ọdún 1878, Gustaf de Laval ti ilẹ̀ Sweden ṣe ẹ̀rọ kan tí ń yí bírí-bírí, tí ó sì ń ya ọ̀rá sọ́tọ̀ kúrò lára wàrà láìdúró. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún àgbẹ̀ láti yọ ọ̀rá wàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rá di bọ́tà, bọ́tà di owó, wàrà ṣíṣàn tí ó kù ni a sì dà padà fún ọmọ màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀. Wàrà ṣíṣàn náà ṣì ní ohun tí ń mú ara dàgbà, ó ṣì ní ṣúgà. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára nìkan ni ó dín, àti pé ọ̀rákọ́rá mìíràn, bí ó bá ti pọ̀ tó, yóò dí àlàfo náà.

Ní ọdún 1913 ni a rí i pé èrò náà kò pé. Ní Yunifásítì Wisconsin, Elmer McCollum àti Marguerite Davis ń fi oríṣìí oúnjẹ bọ́ eku. Àwọn eku tí a fún ní ọ̀rá bọ́tà tàbí ọ̀rá ẹyin ń dàgbà. Àwọn tí a fún ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí òróró ólífì dàgbà títí dé ibì kan, wọ́n sì dúró. Ohun tí ó fara pamọ́ sínú ọ̀rá bọ́tà ni à ń pè ní fítámì A lónìí. Ọmọ màlúù tí kò bá rí i gbà, ojú rẹ̀ a máa ṣókùnkùn, ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró a sì máa bá a jà. Báyìí ni a mọ̀ pé ọ̀rá wàrà dà bí ìránṣẹ́ tí ó ru ẹrù lọ́wọ́: bí o bá lé ìránṣẹ́ náà padà, ẹrù tí ó gbé wá bá a lọ. Lónìí, ẹni tí ó bá ń ṣe arọ́pò wàrà gbọ́dọ̀ fi fítámì A, D àti E sí i lọ́tọ̀.

III. IRÚ Ọ̀RÁ

Bí a bá ti dá fítámì padà, ǹjẹ́ ọ̀rá kan kò ha wá dára bí èkejì? Ìbéèrè yìí ni Gullickson, Fountaine àti Fitch ti Yunifásítì Minnesota gbé dìde nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1942. Wọ́n mú wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, wọ́n sì po oríṣìíríṣìí ọ̀rá mọ́ ọn fún àwọn ọmọ màlúù, ẹgbẹ́ kan sí irú ọ̀rá kan. Àwọn tí ó mu ọ̀rá wàrà ni ó gbó jù lọ. Àwọn tí ó mu ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá màlúù tẹ̀lé wọn pẹ́kípẹ́kí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ó mu òróró àgbọn àti òróró ẹ̀pà. Àwọn tí ó mu òróró àgbàdo, òróró kóró òwú àti òróró sóyà ni ó gbẹ̀yìn. Ara wọn kò dá, wọn kò sì dàgbà bí ó ti yẹ.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi okùn ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ọ̀rá ni a fi àwọn okùn kéékèèké mọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ásíìdì ọ̀rá. Okùn kan lè ní ìlẹ̀kẹ̀ 4 péré, òmíràn a ní 12, òmíràn a ní 16 tàbí 18. Nínú òmíràn, ìlẹ̀kẹ̀ so mọ́ ara wọn gírígírí. Ọ̀rá tí ó pọ̀ ní irú rẹ̀ a máa dì, bí ọ̀rá màlúù. Nínú òmíràn, àwọn ibì kan wà tí okùn ti tẹ̀. Irú èyí ni ó ń mú òróró máa ṣàn, òun náà ni afẹ́fẹ́ sì tètè ń bàjẹ́.

Wàrà màlúù ní oríṣìíríṣìí okùn wọ̀nyí pọ̀, ó sì ní ọ̀kan tí kò sí nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, tàbí nínú epo pupa, tàbí nínú òróró àgbọn. Èyí ni okùn onílẹ̀kẹ̀ 4, tí à ń pè ní ásíìdì butyric. Kò pọ̀ nínú wàrà, nǹkan bí 3 tàbí 4 nínú ìwọ̀n 100 ọ̀rá ni. Ṣùgbọ́n òun ni itọ́ ọmọ màlúù kọ́kọ́ ń gé, ó sì ń ran awọ inú ìfun lọ́wọ́ láti dàgbà. Àwọn olùwádìí kan ní Ohio ní Amẹ́ríkà fi ásíìdì yìí, pẹ̀lú òróró àgbọn àti òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ díẹ̀, kún arọ́pò wàrà tí a fi ọ̀rá ẹran ṣe. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé àwọn ọmọ màlúù tí ó mu ún dàgbà ju àwọn tí kò mu ún lọ.

Okùn onílẹ̀kẹ̀ 12 ni ó kún inú òróró àgbọn àti àdín wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn. Ó rọrùn fún ọmọ màlúù láti jẹ, ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe arọ́pò wàrà ní Yúróòpù fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní Faransé rí i pé bí òróró àgbọn nìkan bá jẹ́ gbogbo ọ̀rá tí ọmọ màlúù ń mu, ọ̀rá a máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó dára ní díẹ̀ lè ṣe ibi bí a bá fi òun nìkan ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà a máa ń pò ó mọ́ epo ọ̀pẹ tàbí òróró mìíràn, kí okùn kúkúrú àti gígùn lè bá ara wọn ṣe.

Ní ti okùn tí ó tẹ̀, a kò lè ṣe aláìní díẹ̀ nínú wọn, nítorí ara kò lè dá àwọn kan nínú wọn ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn a máa jẹ fítámì E run. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ní ilé ìwádìí Hannah lẹ́bàá Ayr ní ilẹ̀ Scotland, Kenneth Blaxter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, tí àwọn ènìyàn ń fún ọmọ màlúù nítorí fítámì A àti D inú rẹ̀, lè mú kí iṣan ara rẹ̀ jẹrà bí fítámì E kò bá tó. Ọmọ náà kò ní lè dìde. Bí ó bá sì dé ọkàn, a máa kú lójijì. Oògùn tí a fi ń wo àìsàn kan ni ó bí òmíràn yìí, nítorí a kò wo gbogbo ohun tí ó wà nínú òróró náà.

IV. ÌWỌ̀N Ọ̀RÁ

Ẹ rántí pé ọ̀rá wàrà màlúù jẹ́ nǹkan bí 30 nínú ìwọ̀n 100 gbígbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ arọ́pò wàrà tí a ń tà, 16 títí dé 20 ni. Ṣúgà ni a sábà fi dí ìyókù, nítorí ó rọrùn láti rí láti inú omi wàrà tí ó ṣẹ́ kù nídìí wàràkàṣì.

Ọ̀rá ń fún ara ní agbára tí ó ju ìlọ́po méjì ti ṣúgà lọ, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Ọmọ màlúù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí ó wọ̀n tó kílò 40, kò ní ọ̀rá púpọ̀ lára tí yóò fi bo ara rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù ju ìwọ̀n ooru 15 ti Celsius lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ná oúnjẹ rẹ̀ láti fi yá iná ara. Ní ilẹ̀ Minnesota ní ìgbà òjò dídì, nígbà tí omi ń di yìnyín nínú ọpọ́n, ọmọ tí a ń fún ní lítà 4 arọ́pò tí ọ̀rá rẹ̀ kéré lè máa mu ún lójoojúmọ́ kí ó sì máa rù. Irú rẹ̀ ni òtútù àti ìgbẹ́ gbuuru tètè ń pa. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ yóò sì máa wí pé, Èmi kò fi ebi pa á.

Ǹjẹ́ kí a wá da ọ̀rá sí i láìní ìwọ̀n? Rárá. Ọmọ tí ọ̀rá yó kì í fẹ́ fẹnu kan ọkà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọkà tí ó ń jẹ ni ó ń jí àpòlúkù ńlá rẹ̀ dìde: bí ọkà ti ń rọ̀ níbẹ̀, ásíìdì butyric, èyí kan náà tí a rí nínú wàrà, a máa ti ibẹ̀ jáde, a sì máa mú kí awọ àpòlúkù náà dàgbà. Bí a bá já ọmọ tí kò tíì mọ ọkà jẹ lẹ́nu wàrà, yóò rù, nítorí ilé kan ti wó, a kò sì tíì kọ́ èkejì. Nítorí náà ọlọ́gbọ́n a máa fi kún ọ̀rá ní ìgbà òtútù àti ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a sì máa dín wàrà kù díẹ̀díẹ̀ bí ọkà ti ń wọ ọmọ lẹ́nu.

V. BÍ A TI PÒ Ó

Nínú wàrà, ọ̀rá kò léfòó bí epo lórí ọbẹ̀. Ó wà ní ẹ̀kán kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí ìbú ọ̀pọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà kan, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó bá da òróró sínú wàrà ṣíṣàn tí ó sì fi igi rò ó kò tíì ṣe wàrà. Òróró yóò léfòó, ọmọ kan yóò mu gbogbo rẹ̀, èkejì yóò mu omi, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì mú ẹni tí ó mu òróró. Nítorí náà ẹ̀rọ ni a fi ń fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, a sì ń fi ohun tí ó lè mú òróró àti omi rẹ́ ara wọn sí i, bíi lecithin tí ó ń ti ara sóyà wá.

Síbẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń po ìyẹ̀fun náà. Bí omi bá tutù, ọ̀rá kò ní tú ká. Kí a fi omi gbígbóná pò ó ní ìwọ̀n tí a kọ sára àpò rẹ̀, kí a rò ó dáadáa, kí a sì fún ọmọ mu nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara rẹ̀, èyíinì ni nǹkan bí ìwọ̀n ooru 39. Bí ìyẹ̀fun bá sì ti ń rùn bí epo tí ó ti pẹ́, kí a má ṣe lò ó.

VI. OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Epo ọ̀pẹ tí ó wà nínú garawa ọmọ màlúù ní Netherlands ti ara igi ilẹ̀ wa wá. Igi ọ̀pẹ 4 tí a gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java ní ọdún 1848, irú-ọmọ ọ̀pẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n. Láti ara wọn ni oko ọ̀pẹ ńláńlá ti ilẹ̀ Indonesia àti Malaysia ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyípadà kan náà sì ti dé orí tábìlì wa. Púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun wàrà tí ń ti Yúróòpù wọ ilẹ̀ wa jẹ́ wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀ fún bọ́tà, tí a sì fi epo ọ̀pẹ dí i. Èmi kò wí pé májèlé ni. Àgbàlagbà tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kò dà bí ọmọ màlúù tí garawa nìkan jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí a kọ sára agolo. Bí ó bá sọ pé ọ̀rá ewéko ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe wàrà pípé ni ẹ rà, owó rẹ̀ kò sì yẹ kí ó dọ́gba pẹ̀lú ti wàrà pípé. Ní ti ìkókó, kí ìyá má ṣe fi irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ rọ́pò ọmú rẹ̀ láé. Bí a bá ti nílò ọgbọ́n púpọ̀ tó báyìí láti rọ́pò wàrà fún ọmọ màlúù, mélòó-mélòó ni fún ọmọ ènìyàn!

Fún ẹni tí ó bá sì fẹ́ sin màlúù oníwàrà, ohun mẹ́rin ni kí ó bèèrè nípa àpò arọ́pò wàrà kí ó tó san owó. Èkíní, irú ọ̀rá wo ni ó wà nínú rẹ̀, ṣé ọ̀kan ni tàbí àpòpọ̀? Èkejì, ìwọ̀n rẹ̀ ha tó fún ojú ọjọ́ ibi tí ọmọ náà yóò gbé? Ẹ̀kẹta, fítámì A, D àti E ha wà níbẹ̀? Ẹ̀kẹrin, ó ha tú ká nínú omi, tàbí ó léfòó? Ẹni tí ó bá ń wo owó nìkan, tí ó sì ra èyí tí ó dínwó jù, lè sanwó náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan lọ́jà, lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ màlúù.

Àwọn baba wa wí pé màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ọmọ màlúù tí a yà kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ kò lè sọ fún wa pé oúnjẹ òun kò dára. Rírù rẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ wa ni Olúwa sì fi ìtọ́jú rẹ̀ sí. A kò ṣẹ̀ bí a bá mu nínú wàrà tí a dá fún un, bí ohun tí a fi dípò rẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́.